Orin Tí Wọ́n Ní Kò Lórúkọ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orin yẹn purọ́ fún yín. Tí ẹ bá lọ sí ilé ńlá lókè odò, wọ́n á ní "Ìdùnnú Mísì Carmichael" ni, wọ́n á sì mú ìwé jáde, torí àwọn yẹn gbà pé ohun tó bá ti wọ ìwé kì í parọ́. Tí ẹ bá dé etí òkun níbi táwọn ọmọbìnrin ti ń la ẹja, wọ́n á ní "Egungun Ẹja" ni, wọ́n á sì máa fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lu àgbá sí i. Tí ẹ bá wá bèèrè ní àfonífojì tiwa yìí, àwọn tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé á sọ fún yín pé "Òfo Lọ́wọ́ Ọmọ Ọlọ́lọ" ni. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀! Èmi Raonaid, mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí orin náà. Èmi náà ni mo sì fi ẹnu ara mi ba ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́. Ẹ jókòó. Èmi ò ní jókòó ní tèmi, ẹsẹ̀ mi kì í gbé ojú kan tí mo bá ń sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Dùghall ọlọ́lọ, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá kan náà. Òun ló ni ọlọ omi tó wà nísàlẹ̀ afárá. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Marsaili, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo sì tọ́ ọmọ náà. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lọ tí kò padà, iṣẹ́ wo ló tún ní? Onígòjé ni ọkọ tèmi. Ó gbé gòjé kọ́ èjìká, ó tẹ̀lé àwọn sójà, ó ní òun á ti dé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Yìnyín ọdún mọ́kànlélógún ló ti bọ́ báyìí. Èmi ti ń gbìyànjú láti gbàgbé. Dùghall ni kò gbàgbé.

Ọjọ́ òjò ni ọ̀rọ̀ Fearchar, ọmọkùnrin onígòjé abúlé wa, bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ọkà òòtì ìyá rẹ̀ wá fún lílọ̀, ó jókòó lórí àpò, omi ń kán lára rẹ̀ tótó. Kóòtù kan ṣoṣo tó ní, ó ti bọ́ ọ, ó fi wé gòjé rẹ̀ bí ẹni wé ọmọ tuntun.

Marsaili, tó ti dàgbà di ọ̀dọ́bìnrin, dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ wò ó o," ó ní, "gòjé wọ kóòtù, èèyàn wọ òjò."

"Èèyàn tó bá rin á gbẹ," ni Fearchar dáhùn. "Gòjé tó bá rin, ó kú nìyẹn."

"Ikọ́ tó máa ṣe ẹ́ lọ́la, ṣé gòjé ló máa bá ẹ wú u?"

Mo rẹ́rìn-ín sínú ìborùn mi. Ọmọ náà lẹ́nu, èmi ni mo kọ́ ọ.

Dùghall ti lọ wo ibi tí omi ti ń wọlé sí ọlọ. Igi kékeré tó máa ń gbọn ọkà sílẹ̀ sórí ọlọ ń lù tàkà-tà, tàkà-tà. Fearchar tú gòjé, ó gbé e sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣeré tẹ̀lé igi náà, kò ní orin kan pàtó lọ́kàn. Nígbà tó yá, òjò dá. Ọkà ti di ìyẹ̀fun. Ó dìde, ó gbé àpò.

"Má tíì lọ," ni Marsaili wí. Kò wojú rẹ̀, ilẹ̀ tó ń gbá ló ń wò, ibi kan náà tó ti gbá lẹ́ẹ̀mẹta.

"Kí ló dé?"

"Òjò ṣì ń bọ̀."

Mo bojú wòde. Ojú ọ̀run mọ́ kedere! Mo wúkọ́, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Fearchar sọ àpò kalẹ̀, ó tún jókòó, ìgbà yẹn gan-an sì ni orin náà dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti jó o rí, ẹ mọ bó ṣe máa ń tiro: ohùn kúkúrú, ohùn gígùn, bí ẹni tó ti gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìloro tí èkejì kọ̀ tí kò bá a lọ. Ara mi bù máṣọ.

Láti ọjọ́ náà, ọkà tí wọ́n ń gbé wá lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, Fearchar ń bù ú wá lẹ́ẹ̀mẹfà. Àwọn méjèèjì sọ orin náà lórúkọ, wọn ò sì sọ ọ́ fún mi. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo bínú. Mo fi wàràkàṣì dù wọ́n.

"Tiwa ni, Ìyá mi," ni Marsaili máa ń sọ. "Tó bá ti wọ etí yín, ó di ti gbogbo ayé nìyẹn."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ àbùkù. Òótọ́ ló sì sọ.

Dùghall kò jẹ́ kó pẹ́ kó tó sọ ti inú rẹ̀. Ó gbọn ìyẹ̀fun dànù lára ọwọ́, ó pè mí sẹ́yìn ọlọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọkùnrin onígòjé yẹn, kí ló ń wá níbí?"

"Ọkà ló ń gbé wá lọ̀."

"Ọkà ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta? Ẹyẹ ló ń bọ́ nílé ni?"

"Dùghall, ọmọ dáadáa ni."

"Ọmọ dáadáa ni ọkọ tiyín náà." Ó mọ̀ pé ó dùn mí. "Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń rí yín lórí afárá, tí ẹ ń wo ọ̀nà. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi dúró sórí afárá yẹn."

Mo wọlé lọ po ògì òòtì, mo sì jẹ́ kó jóná.

Nígbà ìkórè ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àwọn àlejò ọdẹ dé sí ilé ńlá, wọ́n ní kí Fearchar wá fi gòjé dá wọn lára yá. Wọ́n pe èmi náà sí ilé ìdáná láti wá tu ìyẹ́ ẹyẹ. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mo ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ orin tó ń tiro yẹn, gbogbo ibẹ̀ dìde. Nígbà tó parí, Mísì Carmichael, ọmọ onílé, ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Orin yìí mà dùn o! Kí lorúkọ ẹ̀?"

Mo gbọ́ ohùn Fearchar: "Kò lórúkọ, Mísì."

Lọ́dọ̀ wa, orin tí kò lórúkọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ bèèrè ló ni ín. Gbogbo onígòjé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń rìn kiri láti kó orin ijó sínú ìwé. Ó ti ki kálàmù bọ tàdáwà kí ọmọbìnrin náà tó pàtẹ́wọ́ tán. Bí orin ilé ọlọ ṣe di ti ilé ńlá nìyẹn.

Èmi òmùgọ̀, mo gbé e délé bí ìròyìn ayọ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ ṣì wà nínú irun mi.

"Marsaili, ó yẹ kí o wà níbẹ̀! Wọ́n jó, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ pákó ilẹ̀. Mísì bi í lórúkọ orin, ó ní kò lórúkọ, wọ́n bá fi orúkọ Mísì sọ ọ́!"

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìyẹ̀fun. Ó dúró síbẹ̀. "Ó ní kí ni?"

"Ó ní kò lórúkọ."

"Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ ọ́? Ẹ̀yin fúnra yín gbọ́ ọ?"

"Ẹnu rẹ̀ ni, etí mi ni."

Ojú rẹ̀ yí padà, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo ti sọ ohun tí kò yẹ. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ó fọ ọwọ́, ó wọ inú ọlọ lọ, kò sì jáde wá jẹun.

Nígbà tí Fearchar wá lọ́jọ́ Sátidé, Dùghall ló gba ọkà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, Dùghall ni. Gbogbo ìgbà òtútù, Dùghall ni. Mo bẹ ọmọ náà kó gbọ́ ti ẹnu rẹ̀, ó ní, "Ìyá mi, ẹni tó bá mi sọ orúkọ sọ pé kò sí orúkọ. Kí ló kù tí mo fẹ́ gbọ́?" Kò sunkún. Ì bá sunkún, ìyẹn ì bá rọ̀ mí lọ́kàn.

Ìwé náà dé nígbà ìrúwé. Orúkọ Mísì wà níbẹ̀ gàdàgbà. Kò pẹ́ tí àwọn òpònú ọmọkùnrin abúlé fi sọ ọ́ ní "Òfo Lọ́wọ́ Ọmọ Ọlọ́lọ", tí Marsaili bá ń kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á máa súfèé rẹ̀. Mo sọ òkúta lu ọ̀kan nínú wọn. Mo ti bẹ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mi ò bẹ ọmọ náà.

Ìgbà yẹn ni Uilleam oníṣòwò màlúù bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ wa. Èèyàn gidi ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó máa ń jókòó sídìí iná, á máa sọ̀rọ̀ màlúù, ìdákẹ́jẹ́ Marsaili kì í sì í dà á láàmú, torí màlúù náà kì í fèsì. Dùghall bá là á mọ́lẹ̀ fún wa.

"Ọjọ́ Mátíìnì Mímọ́, nígbà tí òtútù bá ń wọlé, ni mo dá. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ọmọ mi, kó wá tọrọ rẹ̀ lójú aládùúgbò kí ọjọ́ náà tó pé. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di ti Uilleam."

"Fearchar ńkọ́?" ni mo bi í.

"Òun náà lẹ́sẹ̀, kó wá. Ṣùgbọ́n orúkọ rere sàn ju ọrọ̀ púpọ̀ lọ. Ẹni tó gbé orin ọmọ mi fún ọmọ ẹlòmíràn, tó sọ orúkọ ọmọ mi di ẹ̀sín, ojú wo ló fẹ́ fi wò mí?"

Oorun kò kùn mí mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, ara mi ò lélẹ̀. Mo fi ìborùn borí, mo lọ bá Fearchar níbi tó ti ń kó àgùntàn sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Ó ti rù. Kí n tó dúró dáadáa ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú u.

"Ìwọ aláìmoore yìí! Kí ló dé tí o fi sọ pé kò lórúkọ?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi ní ohun tí ọmọdé mọ̀. "Màmá, kí ni kí n sọ? Ọ̀rọ̀ ẹnu Marsaili ni orúkọ náà. Ó sọ ọ́ fún mi, èmi nìkan. Ṣé kí n wá pè é láàárín àwọn tó ń jẹ ẹran ìgbẹ́, kí wọ́n máa fi rẹ́rìn-ín, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé? Mo fi pamọ́ ni. Mi ò sẹ́ ẹ."

Mo jókòó sórí òkúta. Odidi ọdún kan! Ẹnu mi ló fa gbogbo rẹ̀.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo rò ó fún Marsaili lẹ́nu kan. Ó ń di àpò, ó di í, ó tú u, ó tún un dì.

"Ó fi mí pamọ́," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó fi mí pamọ́ títí mo fi sọnù. Ìyá mi, ìyẹn náà ńkọ́? Tó bá jẹ́ gbogbo ayé mi ni yóò máa fi pamọ́?"

"Ọmọ mi, o fẹ́ràn rẹ̀ àbí o ò fẹ́ràn rẹ̀?"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀!" Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. "Ìyẹn kọ́ ni mi ò mọ̀. Bàbá á bi í ní orúkọ orin yẹn, mo mọ bàbá mi. Tó bá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn, ó ti fi ohun kan ṣoṣo tó jẹ́ tèmi ra ọ̀nà rẹ̀. Tí kò bá sì sọ ọ́, Bàbá á lé e. Ẹ wá sọ fún mi, èwo ni kí n máa gbàdúrà fún?"

Mo bá a di àpò náà.

Fearchar kò ní bàbá, kò ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ní àṣà wa, ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ló máa ń bá a sọ̀rọ̀ nígbà ìtọrọ, kì í sì í pe ọmọ ní ọmọ. Á ní àgùntàn ni àwọn ń wá, tàbí ọkọ̀ ojú omi tó nílò atukọ̀. Àwọn ará ilé á wá máa gbé ayédèrú jáde: ìyá arúgbó kan, ìránṣẹ́bìnrin kan, àlejò á máa yìn wọ́n, á máa dá wọn padà, títí ẹni gan-an á fi jáde. Àṣà kan ṣoṣo tí kò yẹ̀ ni pé ọmọ tí wọ́n ń tọrọ kì í sọ̀rọ̀. Á dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí bàbá rẹ̀ á fi pè é.

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Mátíìnì ni a lọ, èmi àti Fearchar, èmi ni mo jẹ́ alárinà rẹ̀. Ilé kún. Uilleam náà wà níbẹ̀, ó wọ bàtà tuntun.

Dùghall wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ilé yìí lẹ sùn mọ́jú. Ẹgbẹ́ wo lẹ wà gan-an?"

"Ẹgbẹ́ àlejò ni mo wà," ni mo dáhùn. "Fún àlejò níjòókòó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ife wisikí lọ yí ká. Gbogbo wọn ń retí àgùntàn. Dùghall ti ń fọ́nnu jákèjádò abúlé pé tí wọ́n bá bèèrè àgùntàn, òun á sọ pé kò sí nílé òun, mo sì ti mọ̀. Mo bá gba ibòmíì.

"Baálé ilé, orin kan la gbọ́ tó ń jáde láti ilé yìí. Láti ìgbà tí ọkùnrin yìí ti gbọ́ ọ, kò jẹun dáadáa mọ́. Orin náà la wá tọrọ."

Ojú Dùghall kọ yẹ̀rì. Ó gbé ife sílẹ̀. "Orin kẹ̀? Orin pọ̀. Ṣé 'Ìdùnnú Mísì Carmichael' ni? Ẹ ṣìlé. Òkè odò ni ìyẹn ń gbé."

"Orin náà dára," mo ní, "ṣùgbọ́n òun kọ́."

"Ṣé 'Egungun Ẹja' ni? Kò sí òórùn ẹja nílé mi."

"Òun náà kọ́."

"A jẹ́ pé 'Òfo Lọ́wọ́ Ọmọ Ọlọ́lọ' nìyẹn." Ohùn rẹ̀ ti le. "Kò sí ọlọ́lọ kankan níbí tí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ṣófo."

Ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Dùghall yí sí Fearchar. "Alárinà rẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìwọ ńkọ́? O wá tọrọ ohun kan nílé mi, kí lorúkọ rẹ̀?"

Fearchar dìde. Ọmọ yìí, sọ ọ́, mo ń wí nínú mi, sọ ọ́ kí n lè mí!

"Ó ní orúkọ, Bàbá," ó ní. "Mo ti sọ rí pé kò ní, mo sì ń kábàámọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní orúkọ, gbogbo ẹni tó wà níbí kí wọ́n gbọ́ pé ó ní. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi láti pè. Ẹni tó ni ín ló lè pè é."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò ní nǹkan tí mo lè fún ọ."

"Mo gbọ́, Bàbá." Ó mú fìlà rẹ̀ lórí àga, ó tẹrí ba fún ilé, ó kọrí sí ọ̀nà. Uilleam na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú iná. Bàtà Fearchar kan ti kọjá ìloro.

"Má tíì lọ."

Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ló ti wá. Ìyá kan sọ pé "Hà!" Dùghall dìde fùú.

"Marsaili! Ta ló pè ọ́? Ta ló ní kí o sọ̀rọ̀?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Ó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. "Ẹ̀yin lẹ bèèrè, Bàbá. Ẹ ní kí lorúkọ orin náà. Mo ti dáhùn."

Ó pẹ́ kó tó yé wọn. Èmi ló kọ́kọ́ yé, mo sì rántí ìgbálẹ̀, mo rántí òjò tí kò bọ̀. Má tíì lọ. Ẹsẹ̀ kan ní ìloro, èkejì nínú ilé. Mo bú sẹ́kún níwájú gbogbo wọn. Èmi náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì, mo ní kí ọkọ mi máa lọ, kó rìn dáadáa.

Dùghall wo ọmọ rẹ̀, ó wo èmi fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ọmọkùnrin tó dúró sí ìloro.

"Wọlé," ó ní, "òtútù ń wọlé bá wa."

Uilleam ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run bù kún un. Ó ní òun rò pé màlúù nìkan ni kì í tètè gbọ́rọ̀ yé.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e la ṣe ìgbéyàwó náà. Ìwé ṣì ń pe orin yẹn bó ṣe ń pè é, mo sì gbọ́ pé wọ́n tún ti tẹ òmíràn jáde ní ìlú ńlá pẹ̀lú orúkọ ọ̀gágun kan. Kó máa ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kẹ́yìn ni ti òwúrọ̀ tí Marsaili fẹ́ tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí ilé tuntun wọn lókè. Ẹrù ti wà lórí ẹṣin, Marsaili náà ti gùn ún. Dùghall dúró lẹ́nu ọ̀nà ọlọ, ìyẹ̀fun wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Fearchar," ó ní, "fi gòjé kọ orin yẹn fún mi kí ẹ tó máa lọ."

Fearchar ti ń tú gòjé nínú kóòtù. Ó mọ̀ ọ́n, ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni. "Èwo ni, Bàbá?"

Dùghall kò wojú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò.

"Má tíì lọ," ó ní.

Marsaili sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin.